Àwọ̀ Kọ́ Ni Ilẹ̀kùn Ilé Ifá

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi Ọdún Ifá ilẹ̀ Ìkálẹ̀, Òkìtìpupa



     Ọmọ awo ni mo jẹ́. Bí ọmọdé bá ń sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, ẹnu àgbà ló yá lò. 

Iṣẹ́ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí ni láti sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀, èdè àti ìdánimọ̀ láàárín àwùjọ ẹlẹ́yà púpọ̀. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ bí òkun, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e wọ inú ilé Ifá, ìbéèrè mẹ́ta péré ló dà. Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń béèrè pé, kí ni òyìnbó ń wá nínú igbódù? Àwọn àlejò wa máa ń béèrè pé, ǹjẹ́ àwọ̀ ara mi kò ní dí mi lọ́nà? Ìbéèrè kẹta ni kò sí ẹni tó ń bi í sókè: ọmọ Ìkálẹ̀ tí kò gbọ́ Ìkálẹ̀ mọ́, kí ni yóò fi gba Ifá lọ́wọ́ baba rẹ̀?

Èsì kan náà ni mo ní fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọ̀ kọ́ ni ilẹ̀kùn ilé Ifá. Ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ohùn ni Ifá. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́ ohùn náà, ìbáà ṣe ọmọ onílé, ìbáà ṣe àlejò.

Ẹ̀jẹ̀ àti èdè nílé wa

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá ná ọjà Òkìtìpupa yóò gbọ́ ju èdè kan lọ kó tó ra iyọ̀ tán. Yóò gbọ́ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, yóò gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò, yóò gbọ́ Ìjọ, Urhobo, Ìgbò àti Haúsá. Àwọn Urhobo kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín wa. Ọ̀pẹ ló mú àwọn bàbá wọn wá. Wọ́n ń gun ọ̀pẹ, wọ́n ń fọ epo, wọ́n sì tẹ abúlé dó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Onigu Otite, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Urhobo, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1979 lórí ipa tí wọ́n kó nínú ìdàgbàsókè ìgbèríko wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ni a bí síhìn-ín, tí wọ́n sì ń sọ Ìkálẹ̀ bí àwa náà ti ń sọ ọ́.

Ẹ tún wo àwọn Àpọ́ì, aládùúgbò wa ní Igbóbíni, Kìríbò àti Sábómi. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè orírun, wọn yóò ní Ìjọ ni àwọn. Bí wọ́n bá lanu sọ̀rọ̀, Yorùbá agbègbè wa ni ẹ ó gbọ́. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹsẹ̀-Odò kan náà ni àwọn ará Àrógbò wà: Ìjọ ni orírun tiwọn, Ìjọ náà ni wọ́n sì ń sọ títí di òní. Orírun kan, èdè méjì. Àwa Ìkálẹ̀ ńkọ́? Ìtàn púpọ̀ nínú ìlú wa fà wá mọ́ Ìbíní, ìtàn adé Abodì ti Ìkọ̀yà sì wà lára wọn. Síbẹ̀, Ẹdó kọ́ ni a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, Ẹdó kọ́ ni a fi ń sun oríkì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ àti èdè kì í pínyà, kó wá sí ilẹ̀ wa wá wò ó.

Ìdánimọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 1998, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Ìlàjẹ àti Ìjọ Àrógbò. Ẹ̀mí ṣòfò, abúlé jóná, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di aláìnílé lórí omi kan náà tí wọ́n ti jọ ń pẹja, tí wọ́n ti jọ ń náwó. Àwọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Àwọ̀ kò là wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ tí a ń jẹ́ lónìí. Ní igba ọdún sẹ́yìn, Ìkálẹ̀ kò pe ara rẹ̀ ní Yorùbá. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń fi orúkọ náà pè. Ní ìlú Freetown ni wọ́n ti kó àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú jọ, láti Ẹ̀gbá, láti Ìjẹ̀bú, láti Ìjẹ̀ṣà, láti Ọ̀yọ́. Wọ́n pè wọ́n ní Àkú nítorí pé gbogbo wọn ló ń kí ara wọn ní «ẹ kú». Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àwọn gbọ́ ara wọn. Samuel Àjàyí Crowther, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1843. Ní 1884, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí títúmọ̀ Bíbélì. Láti ìgbà náà ni orúkọ Yorùbá ti ràn mọ́ gbogbo wa. Kí awo fi etí sí èyí dáadáa: àwọn tó ta wá àti àwọn tí a tà, àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Àwọ̀ kò sọ wá di ọ̀kan. Ohùn ló sọ wá di ọ̀kan.

Ifá gbọ́ ju èdè kan lọ

Àwọn kan yóò wí pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni Ifá gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn Fọ̀n ń pè é ní Fa. Ní Tógò àti Gánà, àwọn Ewe ń pè é ní Afa. Níbi tí àwa ti ń ké Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí, Gbe, Yeku, Woli àti Di ni babaláwo Fọ̀n ń ké. Ojú odù mẹ́rìndínlógún náà ni, igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta odù náà ni. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde ní 2005 pé Ifá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun àjogúnbá àgbàyé tí a kò lè fọwọ́ kàn, kì í ṣe ẹ̀yà kan ni wọ́n dá lọ́lá bí kò ṣe ìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí bí Ifá ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn Fọ̀n. Ẹni tó kọ́kọ́ gbà á kọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó fún un. Ó kọ́ orúkọ odù, ó kọ́ ìtàn, ó jókòó. Lẹ́yìn tó kọ́ ọ tán ni ó tó tún un pè ní èdè tirẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀. Kò fo àkàbà kankan. Ifá kò kọ̀ kí a túmọ̀ òun. Ohun tó kọ̀ ni kí ẹni tí kò gbọ́ máa túmọ̀.

Ẹ wo òdì kejì òkun. Àwọn èèyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò mú ọpọ́n lọ́wọ́, wọn kò mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ sọ́rùn. Ohun tó wà lórí ahọ́n wọn ni wọ́n gbé sọdá. Wọ́n pe èdè náà ní Lukumí. Títí oko ẹrú fi parí ní Kúbà ní 1886, àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fi í bọ òrìṣà, wọ́n ń fi í jẹ́ orúkọ, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ kí ó má baà sọnù. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti yọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ kan ti wọnú èkejì, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó bọ́. Ẹni tó bá gbọ́ wọn tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé wọn kò mọ ohùn pè, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé: èmi tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹgba lé, kí ni mo fi èdè mi ṣe?

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò sì tán bọ̀rọ̀

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀rọ̀ mi lọ sí ibi tí n kò rán an. Bí mo bá ní àwọ̀ kọ́ ni ilẹ̀kùn, n kò ní kí a gbàgbé àwọ̀ àwọn tó gbé Ifá la òkun já. Ènìyàn dúdú ni wọ́n, nítorí pé wọ́n dúdú ni a sì fi sọ wọ́n di ẹrù ọjà.

Walter King, tí a bí ní Detroit ní 1928, gba òrìṣà ní Matanzas ní Kúbà ní 1959. Nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn pé kí àwòrán àwọn ẹni mímọ́ Àgùdà tí wọ́n ní àwọ̀ funfun máa bo ojú òrìṣà mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ kí ènìyàn dúdú rí ojú ara rẹ̀ nínú ohun tó ń bọ. Ní 1970, ó tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina, ó sì di Ọba Adéfúnmi. Ní 1981, ní ìgbà Ọọ̀ni Okùnadé Síjúwadé, a ṣe ètùtù oyè fún un ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú nìkan ni ó fi ìlú náà lọ̀. Ẹni tí kò jẹ ìyà irú èyí tí wọ́n jẹ kò ní ẹnu láti bá wọn wí. Ọgbẹ́ wà níbẹ̀, ọgbẹ́ náà sì jinlẹ̀.

Ní apá kejì, ẹ wo Pierre Verger, ọmọ Faransé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Kò fi ìtẹ̀fá ṣe ọ̀ṣọ́. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ewé àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ewé lọ́wọ́ àwọn babaláwo wa, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ wo Susanne Wenger, ọmọ Ọ́síríà, tó dé sí Nàìjíríà ní 1950, tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Òṣogbo ló gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2009, igbó Ọ̀ṣun tí òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà fi ẹ̀mí wọn tún ṣe sì wà níbẹ̀ lónìí. Àwọ̀ àwọn méjèèjì kò yí padà. Àwọn ni wọ́n gbà kí ilé tí wọ́n wọ̀ kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un tó sún mọ́ wa. Nígbà tí ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú bá padà wá láti Amẹ́ríkà, tó dúdú bí àwa, kí ni àwọn ọmọ àdúgbò máa ń pè é? Òyìnbó. Òyìnbó dúdú. Ó sọkún wá sílé, a kí i bí àjèjì. Kò dára, ó sì yẹ kí a dẹ́kun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu àwọn ọmọ náà ń sọ láìmọ̀: àwọ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò, ohùn ni wọ́n ń gbọ́. Bí ọ̀ràn bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a dẹrù náà sórí ẹni tó tọ́. Ọmọ Ìkálẹ̀ tó ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé baba rẹ̀, tí kò lè kí olúwo, kí ni àwa yóò pe òun?

Èdè tí a ń pè ní èdè ará oko

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí. Ọ̀nà méjì ni èdè Ìkálẹ̀ gbà ń jò lọ. Gẹ̀ẹ́sì ń fà á níhìn-ín, Yorùbá àjùmọ̀lò ń fà á lọ́hùn-ún. Ọmọ tó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, a ní ó kàwé. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá àjùmọ̀lò, a ní ó lajú. Ọmọ tó bá sọ Ìkálẹ̀, a ní ará oko ni. Àwọn ilé ìwé kan ṣì wà tí ọmọ ń sanwó ìtanràn nítorí pé ó sọ fánákúlà.

Kí ni ọmọ náà sọ tí a fi ń bá a wí? Ó sọ «eghó» dípò owó. Ó sọ «uṣẹ́» dípò iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abíọ́dún Adétugbọ̀, nínú ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá ní 1967, fi àwọn èdè apá tiwa sí ọ̀wọ́ Gúúsù-Ìlà-Oòrùn, ó sì fi hàn pé «gh» yìí jẹ́ ohùn àtijọ́ tí Yorùbá Ọ̀yọ́ ti sọ nù. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń fi ọmọ rẹ́rìn-ín nínú kíláàsì, àgbà ni nínú ilé Yorùbá. Ẹ̀yin awo, ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nínú ẹsẹ Ifá, a máa ń pàdé ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ lọ́jà mọ́. Ìgbà mìíràn, ẹ̀ka èdè kan ní igbó kan ló ṣì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀ka bá gbẹ, ẹsẹ náà yóò wà, ṣùgbọ́n yóò di igbe lásán.

Ìjọba kò lè gbà wá bí àwa kò bá gba ara wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin èdè tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń dúró de Àbújá kí ọmọ rẹ̀ tó mọ oríkì ara rẹ̀ yóò dúró pẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ wá fún

Ẹ̀bẹ̀ mi àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀yin baba awo. Ẹ jẹ́ kí ìtẹ̀fá ní òdiwọ̀n kan náà fún gbogbo ènìyàn. Kí ẹni tó fẹ́ wọ igbódù kọ́kọ́ mọ ìkíni, kí ó mọ orúkọ àwọn ojú odù mẹ́rìndínlógún, kí ó mọ ìtumọ̀ orúkọ tí a ó sọ ọ́. Kí a bi ọmọ Òkìtìpupa, kí a bi ọmọ London. Bí òdiwọ̀n bá sì jẹ́ ọ̀kan, kí iye owó náà jẹ́ ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo lẹ́nu ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi àwọ̀ ara ẹni dá iye ẹbọ lé e, àwa gan-an ni a sọ àwọ̀ di ilẹ̀kùn, a sì fi ara wa ṣe agbowó-òde níbẹ̀.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a gba ohùn àwọn àgbà awo wa sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an, ní Ìkálẹ̀, kí a kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nílùú, lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ohun tó jẹ́ ti igbódù, kí ó wà ní igbódù. Èyí tó jẹ́ ti gbangba, kí a má jẹ́ kí ó bá olówó rẹ̀ wọ ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ìsinmi ilé ìwé jẹ́ àsìkò ẹ̀kọ́ Ifá fún àwọn ọmọ wa, ní èdè wa. Àwa ọ̀dọ́ tí a ti yunifásítì dé, tiwa niṣẹ́ yìí. Kí ọmọ Urhobo àti ọmọ Ìjọ tó bá fẹ́ jókòó tì wá náà jókòó. Kí òun náà sì fi èdè tirẹ̀ kọ́ wa ní nǹkan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ̀yin àlejò àti ẹ̀yin olùwádìí, tiyín rèé. Àlejò lójú, kò fi ríran. Nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó ya àwòrán. Ẹ kọ orúkọ awo tó kọ́ yín sínú ìwé yín bí ẹ ṣe ń kọ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n yín, bí ó bá fọwọ́ sí i. Ohùn tí ẹ bá gbà lọ, ẹ dá ẹ̀dà rẹ̀ padà. Ẹ má sì bẹ̀rù àṣìsọ. Ẹni tó bá pe odù ní àpètì, a ó tún un pè fún un. Ẹni tí kò bá pè é rárá ni a kò ní ìrànwọ́ kankan fún.

Kí Ifá má jẹ́ kí ohùn wa pa run ní ilẹ̀ wa. Kí àlejò wa dé ilé láyọ̀. Kí ọmọ wa gbọ́ nígbà tí a bá pè é, kí ó sì fi èdè ìyá rẹ̀ dá wa lóhùn.

Àbọrú, àbọyè.